"Kairos" nínú Májẹ̀mú Tuntun: ṣé lóòótọ́ ni pé ó yàtọ̀ pátápátá sí "chronos"?

Olùkọ́ Àwọn Ọ̀dọ́

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà lórí ìjíròrò yìí, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 20 ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀kọ́ tí ó kàn wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i jáde láti inú Máàkù 1:15, níbi tí Jésù ti wí pé, "Àkókò náà dé, ìjọba Ọlọ́run sì kù sí dẹ̀dẹ̀." Ìwé atọ́nà tí wọ́n fún wa sọ pé kairos ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí àkókò níbẹ̀, ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn Gíríìkì ní fún àkókò: chronos, tí í ṣe àkókò tí aago ń kà, àti kairos, tí í ṣe àkókò Ọlọ́run. Ó ní ibikíbi tí a bá ti rí kairos nínú Bíbélì, ilẹ̀kùn ìyanu ni ó ṣí sílẹ̀.

Nígbà tí mo ka èyí sí wọn létí láti fi múra sílẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìtú u wò bi mí pé, "Mà, ṣé Ọlọ́run kò sí nínú chronos ni?" N kò rí èsì tí ó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn láti fún un, nítorí n kò kọ́ Gíríìkì. Mo bẹ̀ yín, ṣé bí ìwé yìí ṣe pín in ni ó rí? Kí ni kairos túmọ̀ sí, báwo ni mo sì ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá tí yóò yé ọmọ tí kò tíì rí lẹ́tà Gíríìkì kan rí?

Àlùfáà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè tí ọmọbìnrin yẹn bi yín sún mọ́ òtítọ́ ju ohun tí ìwé atọ́nà yẹn sọ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rò pé òun ṣe àfojúdi. Ìpín tí ìwé náà pín àkókò sí méjì kì í ṣe irọ́ pátápátá. Èmi náà wàásù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ó dùn létí, ó sì rọrùn láti rántí. Ìgbà tí mo wá jókòó, tí mo ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ méjèèjì láti Mátíù títí dé Ìfihàn, ni mo rí i pé ohun tí mo ń sọ lórí pẹpẹ ju ohun tí a kọ sílẹ̀ lọ.

Chronos fara hàn ní ìgbà 54 nínú Májẹ̀mú Tuntun, kairos sì fara hàn ní nǹkan bí ìgbà 85. Lóòótọ́, chronos ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń mú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ bí nǹkan ti pẹ́ tó. Ọkùnrin tí àìsàn ti dè mọ́lẹ̀ fún ọdún 38 lẹ́bàá adágún Betesda, Jòhánù 5:6 sọ pé Jésù mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ó ti wà bẹ́ẹ̀, chronos sì ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí Jésù bi Fílípì nínú Jòhánù 14:9 bóyá láti ìgbà tó pẹ́ báyìí tí òun ti wà pẹ̀lú wọn ni kò tíì mọ òun, chronos náà ni. Kairos ní tirẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí àkókò tí ó yẹ fún ohun kan pàtó: àkókò ìkórè nínú Mátíù 13:30, àkókò èso ọ̀pọ̀tọ́ tí kò tíì tó nínú Máàkù 11:13, àti ohun tí Jésù sọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ nínú Jòhánù 7:6, pé àkókò òun kò tíì dé. Bí ìwé yín bá sọ pé ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, n kò ní bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n "ibikíbi" ni ó sọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ ṣí Gálátíà 4:4: nígbà tí àkókò kíkún dé, Ọlọ́run rán Ọmọ rẹ̀ jáde wá. Iṣẹ́ wo ni Ọlọ́run ṣe nínú ìtàn tí ó ju èyí lọ? Chronos ni Pọ́ọ̀lù lò níbẹ̀. Nígbà tí a ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ nínú Éfésù 1:10, kairos ni a lò. Stéfánù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 7:17 pe àkókò ìlérí tí Ọlọ́run ṣe fún Ábúráhámù ní chronos, ẹsẹ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni ó sì pe àkókò tí a bí Mósè ní kairos. Nítorí náà, ẹ dá ọmọ náà lóhùn pé Ọlọ́run wà nínú chronos, àti pé inú rẹ̀ gan-an ni ó ti rán Ọmọ rẹ̀ wá.

Ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Lúùkù 4:13 sọ pé nígbà tí èṣù parí ìdánwò rẹ̀, ó fi Jésù sílẹ̀ di sáà kan, kairos sì ni sáà yẹn. Ìfihàn 12:12 sọ pé èṣù bínú gidigidi nítorí ó mọ̀ pé kairos tí ó kù fún òun kò pọ̀. Ṣé ilẹ̀kùn ìyanu ni ó ṣí fún èṣù? Ẹsẹ kejì sí ìsàlẹ̀, ní 12:14, a bọ́ obìnrin náà ní aginjù fún "kairos kan, àti àwọn kairos, àti ìdajì kairos", gẹ́gẹ́ bí Dáníẹ́lì ti sọ ọ́. Bí ẹ bá fi èyí wé ọjọ́ 1,260 tí ó wà ní ẹsẹ 6, ẹ ó rí i pé ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Kairos tí a lè kà lórí kàlẹ́ńdà nìyẹn, bí a ti ń ka ọdún àti oṣù.

Ní ọdún 1962, James Barr, ọ̀mọ̀wé ará Scotland kan tí ó gbọ́ àwọn èdè Bíbélì dáadáa, kọ odindi ìwé kan lórí ọ̀ràn yìí. Ó fi hàn pé àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn kan ti di ẹrù tí ó yẹ kí odindi gbólóhùn rù lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí. Gbólóhùn ni ó ń sọ irú àkókò tí à ń wí. Ọ̀rọ̀ náà nìkan kò lè sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò pọ̀. Nínú àwọn gbólóhùn kúkúrú tí a jogún lábẹ́ orúkọ Hippocrates, oníṣègùn Gíríìkì ayé àtijọ́, èyí tí ó ṣáájú gbogbo wọn sọ pé ẹ̀mí ènìyàn kúrú, iṣẹ́ ìṣègùn gùn, kairos sì mú. Ọ̀rọ̀ tí mo pè ní "mú" yẹn ni wọ́n máa ń lò fún ẹnu ọ̀bẹ, wọ́n sì tún ń lò ó fún ohun tí ó yára.

Bí obìnrin kan bá bímọ tán ní wọ́ọ̀dù wa, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, aago tí ó wà lára ògiri kò yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìyá tí ó wà ní ibùsùn kejì fi ń sùn ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwa fi ń sá kiri ní ibùsùn àkọ́kọ́. Àkókò kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ohun tí ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ń béèrè lọ́wọ́ wa. Mo rò pé ọmọ ọdún 15 yóò lóye èyí kíákíá ju kí a sọ fún un pé àkókò oríṣi méjì ń sàn lọ, ọ̀kan fún ènìyàn, ọ̀kan fún Ọlọ́run.

Àgbẹ̀ Olóòótọ́

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá àti nọ́ọ̀sì wa. Ẹsẹ tí mo fẹ́ kí Olùkọ́ fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni Gálátíà 6:9 àti 10, nítorí pé ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti lo kairos lẹ́ẹ̀mejì léraléra lórí ọ̀rọ̀ oko, àwa tí a sì ń dáko lè rí ohun tí ẹlòmíràn lè fò dá.

Ní ẹsẹ 9, ó ní kí á má ṣe jẹ́ kí rere ṣíṣe sú wa, nítorí pé a ó kórè ní kairos tirẹ̀ bí a kò bá ṣàárẹ̀. Ní ẹsẹ 10, ó ní níwọ̀n bí a ti ní kairos, kí á máa ṣe rere fún gbogbo ènìyàn, pàápàá fún àwọn ará ilé ìgbàgbọ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ kairos ìkórè, èkejì jẹ́ kairos ìfúnrúgbìn. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa ni èkejì. Àkọ́kọ́ kò sí ní ìkáwọ́ àgbẹ̀ kankan.

Ní agbègbè tiwa, àgbàdo tí a bá gbìn ní àkọ́rọ̀ òjò, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, ni à ń jẹ ní tútù ní oṣù kẹfà sí ìkeje. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, tí o bá ní o fẹ́ kọ́kọ́ lọ sí ìnáwó kan ná, ilẹ̀ kò ní dúró dè ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gbìn ín tán, kò sí àdúrà tí yóò mú kí ó so lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́ta ìroko, ìlé ẹyẹ àti ìdúró ni ó wà láàárín kairos méjèèjì, oṣù mẹ́ta wọ̀nyẹn sì ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí nígbà tí ó ní "bí a kò bá ṣàárẹ̀". Ó dùn mí pé àwọn ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí kairos máa ń fo oṣù mẹ́ta náà dá. Wọ́n á mú wa láti ọjọ́ ìgbìn bọ́ sí ọjọ́ ìkórè láàárín ìsìn kan ṣoṣo.

Olùtumọ̀

Mo ti ń fi ojú sí ìjíròrò yìí láti àárọ̀, inú mi sì dùn sí i. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fi Bíbélì fún wa ní Yorùbá. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìtumọ̀ Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850, odindi Bíbélì sì parí ní ọdún 1884. Bí ẹ bá tẹ̀ lé bí wọ́n ti tú kairos, ẹ ó rí i pé wọn kò yan ọ̀rọ̀ Yorùbá kan kí wọ́n fi dí i pa. "Àkókò" ni wọ́n fi sí Máàkù 1:15, "ìgbà" ni wọ́n fi sí Éfésù 5:16, "sáà" ni wọ́n sì fi sí Lúùkù 4:13 tí Bàbá mẹ́nu bà. Nínú Ìṣe 1:7, níbi tí chronos àti kairos ti tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n kọ ọ́ pé, "Kì í ṣe ti yín láti mọ àkókò tàbí ìgbà." Àwọn kan lè pe èyí ní àìdúró lójú kan. Èmi rí i gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, tí ó sì mọ̀ pé gbólóhùn ni à ń túmọ̀.

Kì í ṣe àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Júù tí wọ́n tú Májẹ̀mú Láéláé sí Gíríìkì ṣáájú ìbí Jésù bá ọ̀rọ̀ Hébérù méjì pàdé nínú Oníwàásù 3:1. Wọ́n fi chronos tú àkọ́kọ́, wọ́n fi kairos tú èkejì, Bíbélì wa sì sọ pé, "Olúkúlùkù ohun ni àkókò wà fún, àti ìgbà fún iṣẹ́ gbogbo lábẹ́ ọ̀run." Láti ẹsẹ 2 dé ẹsẹ 8, ìgbà bíbíni àti ìgbà kíkú, ìgbà ẹkún àti ìgbà ẹ̀rín, kairos ni gbogbo rẹ̀ ní Gíríìkì, ó sì tó ìgbà 28. Ìgbà ogun wà nínú wọn, ìgbà ìkórìíra sì wà nínú wọn. Olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i kíákíá pé kairos kì í ṣe orúkọ mìíràn fún oríire, ẹ ní kí wọ́n ka ẹsẹ méje yìí sókè.

Ní ti Máàkù 1:15 tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn, kókó tí èmi yóò fi ọwọ́ mú jù lọ ni ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀. Ohun tí Gíríìkì sọ ní ṣangiliti ni pé àkókò náà ti kún, bí ìgbà tí a ń da omi sínú ìkòkò títí omi fi dé ẹnu rẹ̀. Ní Yorùbá, a ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu wẹ́kú: àkókò ti pé. Báyìí ni à ń sọ ọ́ nípa aboyún tí oṣù rẹ̀ pé. Lúùkù náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nípa Èlísábẹ́tì ní 1:57, pé àkókò tí yóò bímọ kún, chronos ni ó sì lò níbẹ̀. Oṣù tí ó pé kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó kọjá wà nínú rẹ̀. Bí Jésù ti wí pé àkókò pé, ó ń sọ fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀ pé gbogbo ọdún tí àwọn wòlíì fi ń retí, títí kan àwọn ọdún tí ó dà bíi pé Ọlọ́run dákẹ́, ni ó ti kún ìkòkò náà.

Àgbẹ̀ wa sọ̀rọ̀ lórí "kairos tirẹ̀" nínú Gálátíà 6:9. Àwọn àgbà wa ní gbólóhùn kan fún un. Wọ́n ní ìgbà ara là ń búra, pé a kì í fi Ṣàngó búra lẹ́ẹ̀rùn. "Ìgbà ara" yẹn, ìgbà tí ó jẹ́ ti nǹkan náà gan-an, ni mo máa ń rántí bí mo bá ka ẹsẹ náà.

Alfa Kékeré

Mùsùlùmí ni mí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo sì fi ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún ti Olùtumọ̀. Láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni "wákàtí" àti "sáà" ti wọ inú Yorùbá. Waqt ni àkọ́kọ́, òun ni a sì ń pe àkókò ìrun kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún títí di òní: ó ní ìgbà tí ó wọlé àti ìgbà tí ó jáde, ìrun tí a bá kí kí ó tó wọlé kò sì tíì di ìrun náà. Sāʿa ni èkejì. Nínú Àlùkùránì, òun ni orúkọ Ọjọ́ Ìdájọ́, síbẹ̀ òun kan náà ni Lárúbáwá fi ń pe aago ọrùn ọwọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ru ẹrù méjèèjì, gbólóhùn ni ó sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀, bí Bàbá ti wí.

Òǹkàwé Ìtàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo rò pé àṣìlóye náà ti wọlé. Àwọn Gíríìkì ìgbàanì sọ kairos di òrìṣà, wọ́n sì ní pẹpẹ rẹ̀ ní Olympia. Lysippos, oníṣẹ́ ọnà wọn kan tí ó ń fi idẹ dá ère ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, ṣe ère rẹ̀: ó fi ìyẹ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi irun sí iwájú orí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn orí sílẹ̀ ní pípá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mú un gbọ́dọ̀ gbá irun iwájú mú nígbà tí ó ń bọ̀, nítorí pé bí ó bá ti kọjá tán, kò sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú lẹ́yìn. Bí a bá gbọ́ ìwàásù tí ó ní kairos ń sáré kọjá, pé ẹni tí kò bá gbá a mú lálẹ́ òní ti pàdánù rẹ̀ títí ayé, ère idẹ yẹn ni ó ń ti ẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Nínú Ìṣe 1:7, Baba ni ó fi àwọn àkókò sí abẹ́ àṣẹ rẹ̀. Wọn kì í sá fún un.

Kí ó má dà bíi pé mo ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní agbára mọ́, ẹ rántí pé ní ọdún 1985, ní Gúúsù Áfíríkà, nígbà tí ìjọba ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ń fi ipá mú àwọn ènìyàn dúdú, àwọn àlùfáà àti àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn kan kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní orúkọ yìí gan-an, Kairos. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ìjọ yan ibi tí òun yóò dúró sí. Mo gbà pé wọ́n lo ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

N kò fẹ́ sọ èyí tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Òǹkàwé Ìtàn sọ ni ó mú mi sọ̀rọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ, a wà ní ìsìn àṣemọ́jú nígbà tí oníwàásù sọ fún wa pé kairos wa yóò ti ilẹ̀kùn ní agogo méjìlá òru, pé ẹni tí kò bá fi ohun tí ó dùn ún sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà yóò padà sínú chronos rẹ̀. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi fún sáà kan wà nínú báàgì mi. Mo fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èyí àbúrò wọn sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé òun ṣe ohun tí kò dára ni. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì yẹn, àyà mi a já. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohunkóhun wà nínú Ìwé Mímọ́ tí ó jọ ohun tí wọ́n sọ fún wa lóru ọjọ́ náà.

Àlùfáà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi, ẹni tí ó fi ọkàn tòótọ́ fún Ọlọ́run ní nǹkan kò ṣe ohun ìtìjú.

Kò sí i. Mo ti ka gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, kò sí ẹsẹ kan tí ó sọ pé a fi owó ṣí kairos tàbí pé a fi owó dá a dúró. Kairos tí ó sún mọ́ ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bà yín jù lọ ni ti Lúùkù 19:44, níbi tí Jésù ti sọkún lórí Jerúsálẹ́mù nítorí pé ìlú náà kò mọ kairos ìbẹ̀wò rẹ̀. Ohun tí ìlú náà pàdánù kì í ṣe ẹ̀bùn kan tí wọ́n ì bá ti san owó rẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n wò ni wọn kò dá mọ̀, ẹni náà sì ni ó ń sọkún. Nínú 2 Kọ́ríńtì 6:2, Pọ́ọ̀lù fa ọ̀rọ̀ wòlíì Àìsáyà yọ, ó ní nísinsìnyí ni kairos ìtẹ́wọ́gbà. Ta ni ó ń tẹ́wọ́ gba ta? Ọlọ́run ni ó ń gbà wá. Nínú Róòmù 5:6 pẹ̀lú, ìgbà tí àwa jẹ́ aláìlera ni Kírísítì kú fún àwa aláìwà-bí-Ọlọ́run ní kairos tí ó yẹ, kí ẹnikẹ́ni tó mú nǹkan wá.

Olùtumọ̀

Ìyá, mo bá Bàbá kí yín. Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè dá yín lóhùn pé Bíbélì sọ̀rọ̀ ríra kairos, nítorí pé Éfésù 5:16 wí pé, "Ẹ máa ra ìgbà padà, nítorí búburú ni àwọn ọjọ́." Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi í dẹ́rù bà yín. Ọ̀rọ̀ ọjà ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà. Ó dà bí ìyá oníṣòwò tí ó jí dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì ra gbogbo ata tí ó dára kó kí ó tó di ti ẹlòmíràn. "Padà" tí ó wà nínú Yorùbá lè mú kí á rò pé ìgbà tí ó ti sọnù ni à ń rà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó wà níwájú wa ni Gíríìkì ń wí: kí á má fi í sílẹ̀ fún ibi, níwọ̀n bí ọjọ́ ti burú. Kólósè 4:5 lo gbólóhùn kan náà nípa bí a ó ti máa hùwà ọgbọ́n sí àwọn tí ó wà lóde ìjọ. Ìwà ni owó tí à ń ná nínú ẹsẹ méjèèjì.

Gbólóhùn yìí kan náà wà nínú Dáníẹ́lì 2:8 ní Gíríìkì, ẹnu Nebukadinésárì ni ó sì ti jáde. Ó bínú sí àwọn amòye rẹ̀ tí wọn kò lè rọ́ àlá rẹ̀ fún un, ó ní òun mọ̀ dájú pé wọ́n ń ra kairos, ìyẹn ni pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ fa ọjọ́ gùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó jẹ́ ẹ̀sùn lẹ́nu ọba, tí ó sì di ìmọ̀ràn lẹ́nu àpọ́sítélì.

Olùkọ́ Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá, Olùtumọ̀ àti gbogbo yín. Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbàdúrà fún ẹ̀yin àti àwọn ọmọ.

A ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní àná. N kò lo ìpín méjì inú ìwé atọ́nà. Mo kọ ẹsẹ mẹ́jọ sí ojú pátákó láìdárúkọ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kankan, mo sì ní kí wọ́n sọ irú àkókò tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń wí. Wọ́n mọ gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni mo wá fi hàn wọ́n èyí tí ó jẹ́ chronos àti èyí tí ó jẹ́ kairos, ẹnu sì yà wọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ti Gálátíà 4:4 jẹ́ chronos. Àpẹẹrẹ nọ́ọ̀sì wa ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ọmọkùnrin kan ní ìyá òun wà lórí ibùsùn àkọ́kọ́ yẹn nígbà tí ó bí òun.

Ìbéèrè méjì ni mo tún gbé wá. Èkíní jẹ́ tèmi: kí ló dé tí Jésù fi máa ń sọ "wákàtí mi" nínú Jòhánù, tí kò sọ kairos? Èkejì jẹ́ ti ọmọbìnrin tí ẹ ti mọ̀. Ó lọ wo Ìṣe 3:19 sí 21 fúnra rẹ̀ nílé, ó rí àkókò ìtura àti àkókò ìmúpadàbọ̀sípò ohun gbogbo, ó sì fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ kairos nínú méjèèjì.

Olùtumọ̀

Ti Jòhánù: hōra, tí a túmọ̀ sí wákàtí, ni ọ̀rọ̀ tí ó yàn, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ìwé rẹ̀ lé e lórí. Ní Kánà, ní 2:4, wákàtí náà kò tíì dé. Ní 7:30, wọn kò lè fi ọwọ́ kàn án nítorí pé wákàtí rẹ̀ kò tíì dé. Nígbà tí àwọn Gíríìkì kan wá ń béèrè rẹ̀ ní 12:23, ó ní wákàtí náà dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà rẹ̀ ní 17:1 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Àgbélébùú ni ó ń pè bẹ́ẹ̀. Ibi tí Jésù ti sọ "kairos mi" nínú ìwé náà ni 7:6 àti 8, níbi tí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ti ìgbà tí yóò gòkè lọ sí àjọ̀dún. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó jẹ́ ti aago lásán ni ó ru ẹrù tí ó wúwo jù.

Àlùfáà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin náà. Ìtura jẹ́ kairos, ìmúpadàbọ̀sípò jẹ́ chronos, ní ẹnu Pétérù kan náà, nínú gbólóhùn kan náà, ọ̀dọ̀ Olúwa kan náà ni méjèèjì sì ti ń bọ̀. Ẹ sọ fún un pé kí ó tún wo 1 Tẹsalóníkà 5:1, kí ó sì kọ ohun tí ó bá rí ránṣẹ́ sí wa fúnra rẹ̀.